Pápá tí bàbá mi ti sọ ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ fún wa l'Amẹ́ríkà ti bọ́ lọ́wọ́ wa: ṣé ó burú ká ṣe ìdágbére rẹ̀ nílé?

Àdùkẹ́ Ajílété

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọrà, mo sì fẹ́ kí àwọn tó jù mí lọ, àti àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, bá wa dá sí i.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá mi ní Oakland, ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí. Nígbà tí màmá wa dolóògbé, tí a gbé wọn wá sin sílé, bàbá ní àwọn ò padà síbẹ̀ mọ́. Mo tẹ̀lé wọn wálé. Níbí ni mo ti ríṣẹ́, níbí náà ni mo ti rí ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá mọ Oakland á mọ Coliseum. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré náà. Ní 1968, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù (eré tí ẹnìkan ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíràn ń fi igi gbá a) Athletics, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní A's, kó wá síbẹ̀ láti Kansas City. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án 2024, tí wọ́n gbá eré ìkẹyìn. Sacramento ni wọ́n ní àwọn ń kó lọ ní 2025. Wọ́n ní tó bá di 2028, Las Vegas ni ilé wọn yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́ fún wa, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ohun tí àbúrò bàbá mi ń sọ lẹ̀yin náà máa sọ.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nílé. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á tún wọ aṣọ iṣẹ́. Tó o bá fẹ́ gbóhùn bàbá mi, àfi kó o bá wọn lọ wo bésíbọ́ọ̀lù. Eré yẹn kì í kánjú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí aago tí ń lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aago ti ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkùnrin náà lè dúró kó tún fìlà dè, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó ju ẹyọ kan ṣoṣo. Àárín jíjù kan sí èkejì ni bàbá mi fi ń sọ̀tàn fún wa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Ògúnlọlá lábẹ́ igi Àjàgbọn, àti bó ṣe ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí apá Ọ̀yọ́ ò ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní oríkì ìdílé wa, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, tí mo bá gbàgbé wọ́n á dúró kí bọ́ọ̀lù kan kọjá kí wọ́n tó tún un sọ. Mo mọ̀ nípa ọ̀nà Tákíè, nípa ọjà Jagun, nípa ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Bàtíìsì tó ti wà níbí láti 1898, kí ẹsẹ̀ mi tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ rárá. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wálé, tí àwọn ẹ̀gbọ́n ilé ń fi àdúgbò hàn mí, èmi ni mò ń sọ ohun tó kàn fún wọn.

Màmá wa ò ka eré náà sí, oúnjẹ ni tiwọn. Wọ́n máa ń gbà kí ènìyàn gbé oúnjẹ wọlé ní Coliseum, ìyẹn ló jẹ́ kí àwa tí a ò lówó lè máa lọ. Màmá á se mọ́ínmọ́ín sínú agolo, wọ́n á dín ẹran, wọ́n á di róbó sínú ọ̀rá. Afẹ́fẹ́ etí omi ìlú yẹn tutù gan-an lálẹ́, kódà nínú oṣù Keje, nítorí náà àpò oúnjẹ ń gbóná lẹ́sẹ̀ wa, a sì ń fi ìró kan bo ẹsẹ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìró aṣọ òkè màmá mi ni. Àwọn tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa máa ń yà wá wò, kó tó di pé wọ́n ń tọrọ róbó.

Ìlù ńkọ́? Ọmọ Àyàn ni bàbá mi. Ní ìjókòó gbangba apá ọ̀tún pápá yẹn, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kan wà tí í máa lu ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n dìde lórí ìjókòó, wọ́n ní, “Ta ni ń lùlù lọ́hùn-ún yẹn?” Láti ọjọ́ náà, a ò jókòó sí òkè mọ́. Bàbá ní ìlù wọn ò fọhùn bíi dùndún, àmọ́ ọwọ́ wọn dọ́gba, kò sì rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá wọ́n gbé gángan tiwọn lọ. Àwọn ènìyàn yẹn sún fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sáàárín. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi láti rí bàbá mi, tí kì í bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tó ń fi gángan ki agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn yẹn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ni lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú pápá, ó sì fi fóònù pè wá kí a lè máa wò ó. A ti ra dátà sílẹ̀, a ti da epo sí jẹnẹrétọ̀. Rickey Henderson àti Dave Stewart, àwọn akọni àtijọ́, ló ju bọ́ọ̀lù ìṣíde. Barry Zito kọ orin orílẹ̀-èdè. A's na Texas Rangers pẹ̀lú àmì ayò mẹ́ta sí méjì, Mason Miller ló jù ú parí. Èrò 46,889 ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Mark Kotsay, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú. Èrò ò fẹ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú pápá ń bu erùpẹ̀ fún àwọn tó nawọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gba ife kan.

Ọ̀rọ̀ wá dé. Bàbá ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé erùpẹ̀ náà bọ̀ ní Kérésìmesì, kí a da tábìlì sí ojúdè, kí a sè, kí a pe àwọn onílù ilé, kí àwọn sì sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àbúrò wọn ní láéláé. Wọ́n ní a kì í dá sàárà fún pápá òyìnbó, wọ́n ní ṣé ẹni kú ni? Erùpẹ̀ yẹn ló tilẹ̀ bí wọn nínú jù. Wọ́n ní erùpẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti tẹ̀, tí a kò mọ ohun tí wọ́n gbé rìn níbẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ agboolé wa, pàápàá tí ìlù bá tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ni ìjọ máa sọ?

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti pàdánù irú ibi bẹ́ẹ̀ rí, kí lẹ sì ṣe?

---

Ọmọ Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, mo kí bàbá o. Ẹ bá mi fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Tèmi kì í ṣe bésíbọ́ọ̀lù, Liberty Stadium ní Ìbàdàn ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ wà níbẹ̀ ní 10 oṣù Kẹjọ 1963, nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n wọ bọ́lẹ̀kájà láti Ọ̀yọ́ lọ ni. Títí wọ́n fi kú, tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún wa pé nǹkan kan ṣòro, wọ́n á ní “bí ìpele keje”, torí lẹ́yìn ìpele keje ni Fullmer ò lè dìde láti orí àga mọ́. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ìjà yẹn ju àwọn tó rí i lọ.

Nígbà tí wọ́n fi mí sẹ́yìn bọ́ọ̀sì lọ wo 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Mò ń wá ibi tí bàbá mi jókòó sí lọ́jọ́ ìjà. Wọ́n fi hàn mí. Mo tún fi han àwọn ọmọ tèmi lẹ́yìn tí wọ́n kú. Pápá náà ti ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀ báyìí, orúkọ tó tọ́ ni, mi ò ní ìjà pẹ̀lú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí mo débẹ̀ tí koríko ti dé orókùn mi, mo jókòó sórí kọnkéré, mo sunkún bí ọmọdé. Kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ náà. Nítorí náà ẹ sọ fún àbúrò bàbá yín pé èmi, àgbàlagbà, Mùsùlùmí, mo ní kò burú. Kí bàbá pe àwọn ọmọ-ọmọ jọ, kí wọ́n sọ̀tàn. Oúnjẹ tí a fi ń gbọ́ ìtàn kì í ṣe sàárà.

Ní ti erùpẹ̀, mo bá àbúrò wọn ṣe. Ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mo gbà pé ibi wà nínú rẹ̀. Ilé tí a ń gbé pọ̀ ni, ẹ̀rù tó ń ba ẹnìkan nínú ilé kì í ṣe ohun tí a ń fi ìpá lé. Bí ọmọdé kan bá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ta ló máa gba ẹ̀bi? Ife erùpẹ̀ yẹn náà ni. Kí ẹ̀yin àti bàbá má fi ohun tó dùn mọ́ yín sí ibi tí wọ́n ti máa bá a wí.

---

Dèjì Under G

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rí mi fín o, LAUTECH ni mo wà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Eré tí ènìyàn ti ń dúró tó báyìí kí wọ́n tó ju ẹyọ kan, kí ló ń dùn nínú rẹ̀? Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti wò ó lórí fóònù lánàá, oorun gbé mi lọ.

Ìbéèrè mi kejì: ẹgbẹ́ yẹn ṣì wà. Kí ló dé tí bàbá ò kàn máa wo wọn ní Sacramento? Ẹgbẹ́ ló ṣe pàtàkì, pápá kì í ṣe ènìyàn.

---

Àdùkẹ́ Ajílété

Bàbá Àkẹ̀sán, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka tiyín fún bàbá mi sókè ketekete, wọ́n ní kí n tún ibi ìpele keje kà. Wọ́n ní àwọn rántí bí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe kó jọ sí ìdí rédíò.

Dèjì àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dára. Ẹni mẹ́sàn-án ló wà lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan dúró pẹ̀lú igi láti gbá a. Tó bá gbá a dáadáa, yóò sáré yí orígun mẹ́rin ká, àwọn orígun yẹn ni béèsì. Tó bá padà délé, àmì ayò kan. Tí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́ta kúrò, apá kejì á mú igi. Ìpele mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn nínú rẹ̀ ni pé kò sí bí o ṣe pọ̀ tó nínú àmì ayò, o ò lè sọ pé àsìkò ti tán. O gbọ́dọ̀ lé ẹni tó kẹ́yìn jáde.

Jẹ́ kí n sọ alẹ́ kan fún ẹ. 4 oṣù Kẹsàn-án 2002. A's ti borí nínú eré mọ́kàndínlógún léra wọn, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan ní líìgì wọn tó borí nínú ogún léraléra rí. Royals láti Kansas City ni wọ́n ń bá gbá. Kí ìpele kẹta tó parí, A's ti fi mọ́kànlá sí òdo nà wọ́n. Bàbá mi ti ń kó gángan sínú àpò, wọ́n ní eré ti tán, kí á tètè dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí èrò tó kún orí afárá. Màmá mi ló ní rárá, pé róbó ò tíì tán. Àfi bí Royals ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a wọlé. Ọ̀kan, márùn-ún, mẹ́wàá. Nígbà tó di ìpele kẹsàn-án, mọ́kànlá sí mọ́kànlá ni. Gbogbo pápá dákẹ́. Ìlù náà dákẹ́. Màmá mi, tí wọn ò ka eré náà sí láti ọjọ́ yìí, dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà lóhùn rara ní Yorùbá, wọ́n ń pe Ọlọ́run Èlíjà. Scott Hatteberg, tí kò tíì gbá rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ni wọ́n mú igi fún. Ó gbá a kọjá ògiri. Òkìtì ni gbogbo wa ń ta. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń na ìka sí bàbá mi pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílé!”

Mi ò rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé pápá kì í ṣe nǹkan kan, Dèjì. Ẹgbẹ́ lè lọ sí Sacramento, ó lè lọ sí Las Vegas. Ìjókòó tí màmá mi jókòó sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò bá wọn lọ. Bàbá mi sì ti sọ pé àwọn ò ní wò wọ́n mọ́. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò tún un sọ, mo sì mọ̀ wọ́n.

---

Màmá Ìbejì, Hayward

Àdùkẹ́, àbúrò mi, o pa mí lẹ́kún. Ìlú tí kò jìnnà sí Oakland ni mò ń gbé, ọmọ Òkè-Àfọ̀ ni mo sì jẹ́ nílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ní ìhà méjèèjì.

Mo wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa pápá yẹn kí àwọn tí kò débẹ̀ má rò pé ààfin ni. Kò rẹwà. Kọnkéré lásán ni. Ní 2013 omi ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣàn wọ yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù. Tẹ́lẹ̀, tó o bá jókòó, wàá rí àwọn òkè Oakland níwájú rẹ, àwọ̀ wọn á máa yí padà bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ Raiders, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbé ti Amẹ́ríkà, padà dé ní 1995, wọ́n mọ ìjókòó gìrìwò kan dí gbogbo rẹ̀ pa. Ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlà náà fẹ̀ ju ti pápá ibòmíràn lọ, tó fi jẹ́ pé àwa èrò jìnnà sí àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kò sí olówó tó fẹ́ràn ibẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ tiwa. Ibi tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì lè kó ìyàwó àti ọmọ méjì wọ̀ láìjẹ gbèsè, mélòó ló kù l'Amẹ́ríkà?

Ohun mìíràn tí àwọn ará ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ìlú Oakland ò lé ẹgbẹ́ yìí. Warriors, ẹgbẹ́ básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù, ti kọjá sí San Francisco ní 2019. Raiders lọ sí Las Vegas ní 2020. A's nìkan ló kù fún wa, ẹni tó ni ín sì ní òun ń lọ. Ní 13 oṣù Kẹfà 2023, àwa èrò fi ẹnu kò láti kún pápá náà, kí wọ́n má bàa sọ pé a ò wá. Lóru ìgbà yẹn, wọn kì í rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Àwa tó jáde lọ́jọ́ náà jẹ́ 27,759, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé, a ń kígbe pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà tà á. Kò tà á. Mo ṣì ń bínú, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàrọwà fún mi.

Ní ti erùpẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ẹ tẹ́tí sí mi. Kí ẹ tó jà lórí ohun tí ìjọ máa sọ, àwọn aláyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú ní ohun tí wọ́n máa sọ. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé erùpẹ̀ òkèèrè wọ Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ, nítorí kòkòrò àti àrùn tó lè ba irúgbìn jẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ má gbé e sínú àpótí rárá. Kó wá ìkòkò òdòdó kan, kó dà á sí i, kó gbin nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Oakland. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ yẹn ti wá. Tí bàbá bá fẹ́ rí i, kó fi fóònù hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ṣe tèmi, ata ni mo gbìn.

---

Àdùkẹ́ Ajílété

Ẹ̀gbọ́n mi Màmá Ìbejì, ẹ gbà wá. Gbogbo ìjà náà parí lórí ọ̀rọ̀ aláyẹ̀wò yín. Àbúrò bàbá mi gbọ́ pé erùpẹ̀ ò bọ̀, ojú wọn là. Bàbá mi náà gbà, wọ́n ní ata dára, wọ́n kàn ní kó jẹ́ ata rodo. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ìkòkò.

Wọ́n ti fi ọjọ́ sí i, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Àsáró àti mọ́ínmọ́ín ni a máa sè, èmi ni màá ṣe róbó. Àbúrò bàbá mi ti ní àwọn ló máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí mo mọ̀ pé wọ́n fi ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá mi ń fi ìrọ̀lẹ́ tún awọ gángan ṣe.

Ṣùgbọ́n bàbá tún ti mú òmíràn jáde. Wọ́n ní ìtàn nìkan ò tó fún ọmọdé, pé ọmọdé tí kò bá tíì sáré yí béèsì ká, ohun tí àwọn ń sọ kò lè yé e. Wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ ní bésíbọ́ọ̀lù lórí pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀gá ilé ìwé ti gbà. Bàbá ti fi okùn wọn ilẹ̀: ti àgbàlagbà, àádọ́rùn-ún ẹsẹ̀ ló wà láàárín béèsì kan sí èkejì, àmọ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Àpò sìmẹ́ńtì tí a rọ iyẹ̀pẹ̀ sí ni béèsì. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ nípa 1 oṣù Karùn-ún 1991, nígbà tí Rickey Henderson jí béèsì rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kọkàndínlógójì-lé-ní-ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, 939 (jíjí béèsì ni kéèyàn sáré dé béèsì tó kàn láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù), tó borí gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí, tó fa béèsì kẹta tu nílẹ̀ tó sì gbé e sókè orí. Orí ẹsẹ̀ màmá mi ni mo wà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ èyí, ọmọ mi àbíkẹ́yìn ti ń gbé àpò sìmẹ́ńtì sórí kiri ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi máa kó ìbọ̀wọ́ àti bọ́ọ̀lù bọ̀. Igi ni kò ní lè kó tó, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀. Ṣé káfíńtà kan wà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè bá wa gbẹ́ igi mẹ́rin, kékeré mẹ́ta, ńlá kan? Irú igi wo ni ká lò?

---

Káfíńtà Apákẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa. Mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, mi ò kàn ní ohun tí mo lè sọ ni. Èyí, mo ní.

Lóòótọ́ mi ò gbẹ́ irú rẹ̀ rí, àmọ́ mo wá àwòrán rẹ̀, mo sì rí òfin wọn pé kò gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 42 lọ, ibi tó nípọn jù kò sì gbọdọ̀ ju ínṣì 2.61 lọ. Àwọn tó ń gbá a gan-an kì í lò ó gùn tó bẹ́ẹ̀, bíi 33 tàbí 34. Fún àwọn ọmọ yín, mo rò pé 28 á tó. Ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ga tó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìrókò, yóò wúwo fún ọmọdé. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀, bọ́ọ̀lù yẹn á ya ojú sí i lára. Ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa ni màá lò fún àwọn kékeré, kí n fi tíìkì ṣe ńlá. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ìlà ara igi lọ tààrà láti ìdí dé orí. Tó bá dábùú níbì kan, ibẹ̀ ló máa ti dá, ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló sì máa fò lọ bá ẹni tó dúró nítòsí. Nítorí náà èmi fúnra mi ni màá lọ ṣa pákó ní sọ́mìlì, mi ò ní rán ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń yí ẹsẹ̀ àga ló máa yí i, mi ò ní kun fáníìṣì sí ibi tí wọ́n ń dì mú, kó má bàa yọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Tó bá rọrùn fún bàbá, ẹ mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mo fẹ́ kí wọ́n di ńlá náà mú, kí wọ́n jù ú wò, kí n tó gé ìdí rẹ̀. Ẹ má mú owó dání lọ́jọ́ náà, a ó jọ sọ̀rọ̀ iye tí mo bá ti rí pákó.